Gásóìlì Tí Mo Dà sí Táyà Ẹ̀yìn

Bàbá mi, ẹni tó ń fọ alùpùpù bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun,

Ọmọ yín obìnrin ló ń kọ èyí láti ẹ̀yìnkùlé yín ní Kambolé. Ọwọ́ mi dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́, ìwé yìí náà ti gba tirẹ̀ níbẹ̀, ẹ má bínú. Ìyá wà dáadáa. Iṣu ọdún yìí ta gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti kọ ebè sí ilẹ̀ ọ̀nà Koussountou, ṣùgbọ́n ebè rẹ̀ kò tó tiyín, ó rí ráńpẹ́ bí fìlà ọmọdé. Ẹ má sọ fún un pé mo wí bẹ́ẹ̀ o.

Ọ̀rọ̀ alùpùpù yín ló gbé mi wá láti Sokodé. Láti oṣù mẹ́rin tí ẹ ti lọ, abẹ́ igi máńgòrò ló wà, adìẹ ló ń sùn lórí rẹ̀. Ìdílé wá pinnu pé ká fi ṣe sàráà fún yín, ká fún ládánì mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé wa, tó ń fẹsẹ̀ rìn láti oko wá pe ìrun lójoojúmọ́, kí ẹ̀san rẹ̀ lè máa bá yín níbi tí ẹ wà. Lọ́la, ọjọ́ Jímọ́ọ̀, la máa fà á lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé a kì í fi ohun ìdọ̀tí ṣe sàráà, a kì í sì í fi àbùkù pamọ́ sínú rẹ̀. Mo ní èmi ni n óò fọ̀ ọ́. Ó ya gbogbo wọn lẹ́nu, torí pé láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni n kò ti fọwọ́ kàn án mọ́.

Áà, Bàbá, irú ìdọ̀tí wo lẹ kó sára táyà yìí? Ẹrẹ̀ pupa ọ̀nà Bago ti gan mọ́ ríìmù bí ọbẹ̀ tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Lápá ibi tí ṣéènì ń gbà kọjá, gírísì àti eruku ti di ọ̀kan náà, ó dúdú, ó le. Mo fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́, kò mira. Mo fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ kún un, ó kàn ń wò mí ni. Mo bá fi ìbínú mú kànrìnkàn onírin, mo ń ha á, àfi bí mo ṣe rí i pé ara ríìmù gan-an ni mo ti ń ha. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin kì í ha á. Láràárọ̀ Jímọ́ọ̀, ẹ ó kọ́kọ́ fi àpò ìdọ̀họ tó ti rin ṣinṣin wé táyà méjèèjì, ẹ ó sì lọ mu ẹ̀kọ yín. Ẹ ó jẹ́ kí ẹrẹ̀ náà mu omi tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà lẹ ó wá mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́, ẹ ó máa fọ sípóòkì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó máa kun orin kan tí kò lórí tí kò nídìí. Kẹrosíìnì díẹ̀ báyìí lẹ máa ń ta sí àkísà, ẹ ó fi nu ibi tí gírísì wà. Ẹ kì í dà á. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí, nígbà tí oòrùn sì fi máa kan àtàrí, ríìmù ti ń dán. Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà, ṣùgbọ́n èmi àti baba yẹn ò mọra rí, ẹ̀yin náà mọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ìtìjú ò jẹ́ kí n sọ ọ́ lójú ayé yín. Ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, Iléyá ku ọ̀la, mo fẹ́ kí táyà yín dán kí ẹ tó padà láti oko. N kò ráyè rẹ ẹrẹ̀. Mo bu gásóìlì, epo tí wọ́n ń rọ sí ẹ̀rọ ìlọkà, nínú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, mo sì dà á lé táyà ẹ̀yìn lórí. Ó dán lóòótọ́! Ẹ yìn mí títí lójú àwọn ará àdúgbò. N kò mọ̀ pé epo náà ti wọ inú ibi tí bíréèkì ti ń di táyà mú. Ti iwájú sì ti já tipẹ́. Ní ọjọ́ kejì Iléyá, ẹ gbé ẹran lọ fún ọ̀rẹ́ yín ní Bago, ẹ tẹ bíréèkì níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò, kò mú, ẹ sì ṣubú.

Ẹ sọ fún gbogbo ilé pé ewúrẹ́ ló já wọ ọ̀nà. Èmi náà gbà á gbọ́, àfi ní ọdún tó tẹ̀lé e, nílé ìwé ní Tchamba, tí mo gbọ́ tí mẹkáníìkì kan ń kìlọ̀ fún oníbàárà rẹ̀ pé epo kò gbọdọ̀ kan inú bíréèkì. Ìgbà yẹn ni mo rántí gásóìlì tèmi.

Orúnkún òsì yín kò ká mọ́ láti ìgbà yẹn. Ẹ ò forí kanlẹ̀ nínú ìrun mọ́, orí àga lẹ ti ń kí i. Èmi ni mo máa ń gbé àga náà jáde fún yín ní àsùbáà, ọkàn mi a sì máa gbọgbẹ́. Bí mo ṣe parí ìwé, mo sá lọ sí Sokodé, mo lọ́kọ sí Komah, àdúgbò kan níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mo ń wá kí yín. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: ọjọ́ méjì péré, mo ti lọ. Mo ní ọjà ò fún mi láyè. Irọ́ ni. Àga yẹn ni n kò fẹ́ rí.

Lẹ́yìn ìrun àílà òní, mo ti alùpùpù náà lọ sọ́dọ̀ Ìdírísù, mẹkáníìkì yín. Tí ládánì bá gùn ún tó sì ṣubú, ọrùn ta ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ máa wà? Kó tó mú irinṣẹ́ kankan, mo ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Òun lẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún láyé mi. Ó nu ọwọ́, ó tú táyà ẹ̀yìn. Inú rẹ̀ gbẹ, ó mọ́ tónítóní. Ó ní òun ti pààrọ̀ bíréèkì rẹ̀ láti ọdún méjìlá sẹ́yìn, nígbà tí ẹ tiro wá pẹ̀lú ọ̀pá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìṣubú yín. Ó ní bí òun ṣe ṣí i ni òórùn gásóìlì jáde, ẹ sì sọ pé ẹ mọ ẹni tó fọ táyà náà. Lẹ́yìn náà lẹ ní kí òun fi Kùránì búra pé ẹnikẹ́ni nínú ilé yín ò ní gbọ́, pàápàá jù lọ èmi. Kò sí ewúrẹ́ kankan lọ́nà. Bàbá, títí dòní ni Ìyá ṣì ń bú ewúrẹ́ àwọn ará Bago!

Ṣé ẹ̀ ń retí kí n sọ ọ́ fúnra mi ni? Nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ wọ takisí padà sí Sokodé, ẹ máa ń di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú fúngbà díẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kù. Èmi a ní kí dírẹ́bà máa lọ. Mo rò pé tí ẹ bá mọ̀, ẹ ò ní fẹ́ràn mi mọ́. Ẹ sì ti mọ̀. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi ń sá fún ẹni tó ti dárí jì mí láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Kí Ọlọ́run tẹ́ ibùsùn yín sí Àlùjánńà.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó pẹ́ kó tó dé.