Ọmọ Mẹ́jọ Tí A Ò Rí Nínú Ìwé Ẹ̀fẹ̀ Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrọ́jú ìlú ńlá. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun lásìkò? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a gbúròó ara wa ní búburú. Bí o bá bèèrè wa, a wà láàyè, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń ṣiṣẹ́, orúnkún mi nìkan ló ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró, bàbá rẹ sì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó ń tú rédíò, ó ń to rédíò.

Mo pè ọ́ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó kọjá. Obìnrin kan ló gbé e, ó ní o ò sí nítòsí. Mo kí i, mo bèèrè ilé rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀, mo ní kó bá mi sọ fún ọ pé mo pè. Kò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ṣáà ń tún sọ. Bí ẹ bá jọ ń gbé yàrá ni, fi ọgbọ́n bá a sọ̀rọ̀, nítorí ohùn rẹ̀ dùn ṣùgbọ́n kò mọ àgbà kí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà.

Ìwé àwòrán ẹ̀fẹ̀ kọ̀ǹpútà tí o yà, tí o fi rán awakọ̀ sí mi, ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo rí orúkọ rẹ lára èèpo rẹ̀. Mo gbé e sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, kò sì sí oníbàárà tó wá gba aṣọ tí n kò kà á fún. Àwọn kan ò mọ ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀, nítorí náà èmi ni mo ń ṣàlàyé. Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n.

Èyí tí ológbò lọ wá iṣẹ́ ní ọ́fíìsì, tó kọ sínú fọ́ọ̀mù pé òun ti fi ọdún mẹ́wàá di eku mú, ìyẹn kò le. Mo sọ fún wọn pé iṣẹ́ ti wọ́n débi pé ẹranko pàápàá ń kọ fọ́ọ̀mù. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ kúrú, ní eku ni wọ́n ń pe nǹkan kékeré tí wọ́n ń fi ọwọ́ tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Mo ní ohun tí èmi náà ń wí nìyẹn, kí ló wá dé tí wọn ò gba ológbò náà síṣẹ́?

Èyí tí akọ̀wé gbé garawa sáré jáde sínú òjò, tó ní àwọn fáìlì kọ̀ǹpútà tí òun tọ́jú sínú àwọsánmà ló ń rọ̀ yẹn, inú mi ò dùn sí i. Ọmọ mi, bí o bá ní ìwé tó ṣe pàtàkì, má tọ́jú rẹ̀ sójú ọ̀run. Ìwé ẹ̀rí rẹ wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn mi láti ọdún mọ́kànlá, òjò kan ò kàn án rí. Ní ti ọkùnrin tó ń wá kòkòrò nínú kọ̀ǹpútà, tó ní bí òun bá pa ọ̀kan, méjì á tún yọ, Tíṣà ní àṣìṣe inú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè ní kòkòrò, ṣùgbọ́n mo ti kó káfúrà mẹ́fà fún awakọ̀, àwọn funfun tí mo máa ń fi sáàárín aṣọ. Kó méjì sẹ́yìn kọ̀ǹpútà rẹ, fún ọ̀gá rẹ ní méjì, kí o sì tọ́jú méjì.

Ojú ìwé kẹsàn-án ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó gbé ọmọ tuntun kan sí èjìká ọ̀tún, ó gbé ọ̀kan sí ti òsì, o wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ 10 lẹ́ẹ̀kan náà. Oníbúrẹ́dì, ọ̀rẹ́ mi, tó wá gba gáùn rẹ̀, ló kọ́kọ́ rí i. Ó ka àwọn ọmọ náà, méjì ni wọ́n. Èmi náà kà wọ́n, méjì. A ṣí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, a wo abẹ́ àga ọkùnrin náà, kò sí ọmọ kankan níbẹ̀. Oníbúrẹ́dì wá rọra bi mí pé àwọn mẹ́jọ yòókù ńkọ́. O mọ̀ pé òun náà ti sin ọmọ rí. Ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó ń sunkún, ó ní ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín lóòótọ́ ṣùgbọ́n òun mọ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń pẹ̀ ẹ́ ni omi bọ́ lójú èmi náà. Ìgbà yẹn ni bàbá rẹ yọjú láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó bèèrè ẹni tó kú.

O mọ̀ pé láti ọdún méjì tí o ti fi í sílẹ̀, tí o ní ayé rédíò ti lọ, pé kọ̀ǹpútà ni ìwọ máa ṣe, bàbá rẹ kò dárúkọ rẹ. Ó fi ọ̀dà funfun pa “àti Ọmọ” rẹ́ lára pátákó ṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, á dìde, á ní òun ń lọ wò ó bóyá òjò ń ṣú. Nítorí náà mo fẹ́ fi aṣọ bo ìwé náà, ṣùgbọ́n oníbúrẹ́dì ti nà án sí i.

Bàbá rẹ yọ awò kékeré tó fi ń wo inú rédíò jáde lápò, ó wo ojú ìwé náà títí. Ó ní kò sẹ́ni tó kú. Ó padà lọ gbé gílóòbù kékeré méjì, bátìrì àti wáyà wá, ó tò wọ́n sórí aṣọ ìyàwó tí mo ń rán lọ́wọ́. Ó ní kọ̀ǹpútà kò ní ìka mẹ́wàá bíi tiwa, iná ló fi ń ka nǹkan, iná sì ní ipò méjì péré, bí kò tàn a jẹ́ pé ó kú. Bó bá tàn, wọ́n á kọ 1, bó bá kú, wọ́n á kọ 0. Ó pa méjèèjì, ó ní kò tíì sí ọmọ. Ó tan ti ọ̀tún, ó ní ọmọ kan ti dé. Ó ní iná kan kò lè tàn lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà bí ọmọ kejì bá dé, a ó pa ti ọ̀tún, a ó tan ti òsì dípò rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní kí oníbúrẹ́dì kọ ohun tó rí. Oníbúrẹ́dì fi ṣọ́ọ̀kì mi kọ 1 sí òsì, ó kọ 0 sí ọ̀tún. Bàbá rẹ ní bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ méjì nìyẹn. Ìbejì ni ìyàwó ọkùnrin náà bí. Kò sí ọmọ kankan tó sọnù.

Oníbúrẹ́dì nu ojú, ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí gáùn fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ náà rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ fún oníbúrẹ́dì, kì í ṣe fún mi, pé òun ló fi gílóòbù kọ́ ọ ní èyí nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, pé òun rò pé o ti gbàgbé. Ó mú ìwé náà lọ, n kò sì tíì rí i gbà di òní. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn èèyàn ń lọ báyìí fún àlàyé, mo sì máa ń gbọ́ ọ láti ìdí ẹ̀rọ mi, tó ń sọ pé ọmọ òun ló yà á. Ní tèmi, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ gílóòbù, ṣùgbọ́n mo ṣì ń fi àwọn mẹ́jọ yẹn sínú àdúrà, nítorí àdúrà kì í pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Awò rédíò yẹn ń fa omi lójú bàbá rẹ, dókítà sì ní kó ra awò ojú gidi. Fi ohun tí ọwọ́ rẹ bá ká ránṣẹ́, kí o fi ti òwú dúdú àti síìpù tèmi kún un. O lè fi gba bánkì. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà àṣírí kan níbẹ̀, wọ́n ní kò gbọdọ̀ sọnù, mo sì ti fún oníbúrẹ́dì, Tíṣà àti awakọ̀ kí wọ́n bá mi tọ́jú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbàgbé, àwọn yòókù á rántí.

Abẹ́rẹ́ rẹ kò ní ṣẹ́ sáàárín aṣọ. Ọwọ́ tí o fi ń yàwòrán kò ní gbọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ́ ṣẹ̀sín, iṣẹ́ rẹ ni yóò pa á lẹ́rìn-ín. Àṣẹ.

Èmi ni ìyá rẹ.

Mo ti fẹ́ lẹ àpòòwé pa kí bàbá rẹ tó ní kí n dúró. Ó ní òun ní ẹ̀fẹ̀ kan tí o lè yà. Ọkùnrin kan gbé rédíò wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní irọ́ ló máa ń pa. Bàbá rẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ó pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ọkùnrin náà padà wá, ó ní irọ́ náà ò tíì tán, ohùn òkè ló wá fi ń pa á báyìí. Bàbá rẹ ní kí o ya òun síbẹ̀, kí o má sì jẹ́ kí òun darúgbó jù. Ó ní bí àwọn ará ọ̀hún bá rẹ́rìn-ín, kí o pe òun. Mo bi í pé bí wọn ò bá rẹ́rìn-ín ńkọ́. Ó ní kí o ṣáà pè.