Ohùn Màmá Nínú Àwo Àtijọ́

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárò ilé. Mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ. Ara wa le díẹ̀. Òrùlé ò jò mọ́, orúnkún mi ti ń gbọ́ oògùn, ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá sì ti wálẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé nìyí. Ẹ rántí àwo orin tí Màmá wa olóògbé bá ẹgbẹ́ olórin kan gberin sí kí wọ́n tó bí wa, tó jẹ́ pé ariwo ṣáá là ń gbọ́ níbẹ̀? Mo gbé àwo náà àti ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ọ lọ bá ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe. Ó ní, "Abẹ́rẹ́ yín ń wá ohùn apá méjì, ẹyọ kan sì ni àwo yìí ní. Ìdọ̀tí ló ń kó fún yín." Ó bá fi orí abẹ́rẹ́ olóhùn kan, tí wọ́n ń pè ní mónò, rọ́pò rẹ̀.

Ariwo náà lọ. Nígbà tí èmi àti Bàbá gbé e sí i nílé, tí orin parí, a gbọ́ Màmá ketekete tó béèrè pé, "Ṣé ó ti tán?"

Bàbá dìde. "Kò tíì tán, ìyàwó mi."

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ló ń gbé e sí i, tó sì ń dá a lóhùn. Mo ti fẹ́ yọ abẹ́rẹ́ náà. Àmọ́ lánàá tí Bàbá lọ gba oògùn, èmi nìkan gbé àwo náà sí i. Màmá béèrè, èmi náà dáhùn, mo sì jókòó, mò ń retí kó tún sọ̀rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sílé. Ọlọ́run á mú yín dé láyọ̀. Èmi nìkan ò lè dá ẹ̀rọ yẹn dúró mọ́.

Èmi àbúrò yín obìnrin.