Orúkọ Ìyá Rẹ Ṣì Wà Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Orúnkún mi ti fúyẹ́ díẹ̀. Ọkàn ni kò fúyẹ́.

Àbúrò mi ayafídíò, tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Lẹ́ǹsì, ti pa ohùn ìyá rẹ rẹ́. Mo wá ọ̀nà tí mo máa gbà sọ ọ́ tí kò fi ní dùn ọ́, mi ò rí.

O rántí pé kọ̀ǹpútà ilé kún, o wá kó ohùn tí a gbà sílẹ̀ nígbà àìsàn ìyá rẹ, kó tó kú, sórí dísìkì ńlá Lẹ́ǹsì tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà náà. O fi àṣẹ ln -s ṣe ìtọ́kasí sínú fódà mi. O ní, "Bàámi, èyí kì í ṣe fáìlì gan-an o, ibi tí fáìlì wà ló kàn ń júwe."

Mo lọ gba oògùn ni Lẹ́ǹsì wá mú dísìkì rẹ̀. Ó tiẹ̀ fi ọgbọ́n ṣe é: ó kọ́kọ́ ṣí ìtọ́kasí náà wò. Ìyá rẹ sọ̀rọ̀ ketekete, ó ń kì ọ́ ní oríkì rẹ, ó ń rẹ́rìn-ín láàárín ikọ́. Lẹ́ǹsì ní, "Áà, ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà." Kò mọ̀ pé orí dísìkì yẹn gan-an lohùn ti ń wá. Ó nu dísìkì náà mọ́ fónífóní, ó kó fídíò ìgbéyàwó tó yà lé e.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe gbìyànjú títí, kò rí nǹkan kan yọ. Àwọn aládùúgbò ní kí n má banú jẹ́, pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Kí ni kí n wá fi agbè ṣe?

Mo tẹ ls -l tí o kọ́ mi láti fi wo ohun tó wà nínú fódà. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ọfà kékeré ṣì ń nàka síbi tí kò sí nǹkan, gbogbo rẹ̀ ti pupa bí ojú ẹni tó sunkún. Atúnkọ̀ǹpútàṣe ní kí n tẹ unlink, àṣẹ tó ń pa ìtọ́kasí rẹ́, kó lè kúrò ńlẹ̀. Ha! Mo ní kó máa lọ sílé rẹ̀. Àràárọ̀ ni mo ṣì ń ṣí i kí n tó mu tíì.

Má bá Lẹ́ǹsì jà. Kò lè jẹun. Èmi náà ò ní èébú lẹ́nu mọ́, ó ti rẹ̀ mí.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ. Ohun tí o bá fọwọ́ ara rẹ tò kò ní dàrú.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ilé dákẹ́ mọ́ lórí.

Mo tún rántí: lọ́jọ́ tí o ń lọ, o fi ìkánjú da fódà mi kọ sínú fílásì rẹ, kí Lẹ́ǹsì tó wá mú dísìkì rẹ̀. Atúnkọ̀ǹpútàṣe ní ó lè jẹ́ ìtọ́kasí nìkan lo gbé lọ, ó sì lè jẹ́ ohùn náà gan-an. Jọ̀ọ́, ṣí i wò. Bó bá sọ̀rọ̀, pè mí lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sọ̀rọ̀, má pè mí. Kàn kọ lẹ́tà, kí o sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ fún mi.