Wọ́n Ní Kí N Má Rò Ó Mọ́

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án, 2025
Ẹ̀jẹ̀ ríru mi tún ti lọ sókè. Nọ́ọ̀sì kékeré kan báyìí ló ní kí n máa kọ nǹkan sílẹ̀. "Màmá, ẹ ń ronú jù. Ẹ yan wákàtí kan fún ìrònú lóòjọ́. Èyí tó bá tètè dé, ẹ ní kó lọ jókòó dè yín." Ẹ̀rín pa mí. Ṣé ọmọ iléèwé ni ìrònú ni? Àmọ́ iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe fẹ̀yìn tì, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ní kí ọmọ aláriwo jókòó. Mo yan aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí Màpó. Ohun tó ń sọ̀rọ̀ nínú orí mi yìí náà, mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Olófòófó.

Ọjọ́rú, 10
Fẹ́rànmí ò pè láti ọjọ́ Àìkú. Àkọ́bí mi, Port Harcourt ló ti ń ṣiṣẹ́. Olófòófó ní nǹkan ti ṣe é. Wo ẹlẹ́nu! Bẹ́ẹ̀ náà ló wí lọ́dún tó kọjá. Mo sunkún láàárọ̀, ọmọ pè mí lọ́sàn-án pé fóònù òun ló bọ́ sómi. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí: "Màmí, ẹ tún ti sin mí!"
Jókòó, Olófòófó. Aago mẹ́rin ò tíì lù.

Ọjọ́bọ̀, 11
Lucy, àbúrò Fẹ́rànmí, wá láti ilé ọkọ rẹ̀. Ojú ẹ̀ wú — ó ní ọ̀fìnkìn ni. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun wà níbi iṣẹ́ kan lórí omi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí níbẹ̀. Ó gba fóònù mi lọ. Ó ní bátìrì ẹ̀ ti bàjẹ́, òun fẹ́ bá mi tún un ṣe. Fóònù tí mo lò dáadáa láàárọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13
Mi ò rò ó títí aago mẹ́rin fi lù. Mo kí ara mi kú iṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16
Délé àbúrò mi wá. Délé tó jẹ́ pé Kérésì nìkan ló ń mọ̀nà ilé mi! Ó gbé ọsàn wá, ó jókòó, kò jẹ, kò mu. Mo bi í pé ṣé kò sí. "Kò sí nǹkan kan, Àǹtí mi. Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Ojú tì mí. Mo bó ọsàn fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 19
Alhaja Hikmat, ará àgbàlá wa, ń lọ kí Jímọ̀ọ̀. "Ìyá Lucy, ẹ kú ọ̀sán o."
Ìyá Lucy ké? Láti ìgbà tí a ti jọ wà nínú àgbàlá yìí, Ìyá Fẹ́ràn ni mò ń jẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Ta ló ń fi orúkọ àkọ́bí sílẹ̀ tí á wá fi ti àbúrò pe ìyá? Mo fẹ́ sáré tẹ̀ lé e. Mo rántí nọ́ọ̀sì. Mo padà wọlé, mo fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.
Nígbà tó di aago mẹ́rin, mo gbé e yẹ̀ wò. Ẹ̀rí wo ni mo ní? Àgbàlagbà ṣi orúkọ pè, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 21
Àwọn ìyá ìjọ dákẹ́ wẹ́lo nígbà tí mo yọ sí wọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn ò tètè fi sílẹ̀. Mo kọ̀, mi ò rò ó. Lucy ní ara mi ti ń bọ̀ sípò, ló bá bú sẹ́kún. Ayọ̀ ni, ó ní.

Ọjọ́rú, 24
Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wálẹ̀! Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Lucy jáde síta lọ pe Délé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27
Gbogbo wọn wá pọ̀. Délé, Lucy, àlùfáà wa. Alhaja dúró lẹ́nu ọ̀nà. Délé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Àǹtí mi, ẹ fọwọ́ wọ́nú."
Jàǹbá ọkọ̀ ni. Ọjọ́ Àìkú tí mò ń retí ìpè ẹ̀. Wọ́n ti sin ín. Wọn ò jẹ́ sọ ibẹ̀ fún mi, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. "Ẹ̀rù ìrònú yín ló bà wá. A ní kí ara yín kọ́kọ́ balẹ̀."
Mo tọ́jú ara mi títí mo fi yá, kí wọ́n lè rí mi sọ ọ́ fún.
Mo wo Alhaja. Ó ń sunkún. "Ẹ foríjì mí. Ahọ́n mi ò lè pe orúkọ ẹ̀ mọ́ ni."
Ọmọ mi. Ọmọ mi tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkàn mi ti fà ya.
Lucy dì mọ́ mi: "Màmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò ó mọ́." Mo já ọwọ́ ẹ̀ kúrò lára mi. Kò sí sàréè tí mo lè lọ jókòó tì. Níbo ni mo ti tún fẹ́ rí i, bí kì í bá ṣe nínú ìrònú? Mo ní kí wọ́n jáde, kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó.