Alùpùpù Tí Ẹsẹ̀ Mi Kò Kan Ilẹ̀ Lórí Rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, wọ́n ń gbọ́ yín lórí rédíò ní Williamsville, àdúgbò wa níbí.

Òwú ni mò ń tà ní ọjà Roxy. Mo fẹ́ ra alùpùpù àlòkù kékeré, kí n fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní àwọn máa bá mi yàn án. Wọ́n ga bí òpó iná, èmi kúrú. Mo rí kékeré kan, wọ́n ní ìṣeré ọmọdé ni. Wọ́n gun ńlá kan wò, wọ́n ní, "C'est bon!", pé ó ti dáa. Kí n tó jókòó lé e, wọ́n ti ṣàdúrà sí i, wọ́n ń wojú mi. Ni mo bá sanwó, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ta ló máa kúnlẹ̀ dúpẹ́ tán, tó tún máa ní òun ò fẹ́?

Ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀ rárá! Bí mo bá ti fẹ́ dúró, ṣíṣubú ni. Orúnkún mi ti bó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá ní obìnrin ò lè gun alùpùpù, ni wọ́n bá ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́ ní Yopougon. Láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kí n wá bá àwọn fọ̀ ọ́!

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé orúnkún tó bó yìí náà ni màá tún fi kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀, kí wọ́n tó dá nǹkan mi padà fún mi?