Ọ̀dínátọ̀ Ẹgbẹ́ Wa Kọ̀, Kò Ṣíjú

Ikpinlè, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta, ọdún 1988

Àsíátù ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó, kí ó bá ọ nínú àlàáfíà, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí Kútọnu gbé ọ mì. Gbogbo wa ń bẹ. Ẹsẹ̀ tó ń dun Bíntù ìyá rẹ ti ń rọ̀, òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, a sì ti gbin àgbàdo ti Oko-Akarè.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dínátọ̀, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí dísíríkì fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa, ni mo fẹ́ sọ, èyí tí wọ́n fi mí ṣe olùṣọ́ rẹ̀ nítorí wọ́n ní ọwọ́ mi mọ́. Bí mo ṣe kọ ọ́ sí ọ nínú ìwé tó ṣáájú, ó ń kùn bí oyin, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Kàmáráàdì Rogatien, délégé tó jẹ́ aṣojú ìjọba lọ́dọ̀ wa, ní Pélagie akọ̀wé ló ba ohun ìní ará ìlú jẹ́, àti pé tí ẹ̀rọ náà kò bá ṣíjú títí Ọjọ́bọ̀, wọn yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Ọmọ náà kò jẹun mọ́.

Ìwé rẹ dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì tẹ̀lé e ní ẹsẹẹsẹ. O ní kí n wò bóyá iná kékeré ń tàn lára àpótí rẹ̀. Ó ń tàn, mo kí i. O ní kí n wo okùn tó so àpótí mọ́ ojú, bóyá ó ti yọ. Kò yọ, ṣùgbọ́n mo fi okùn ewúrẹ́ dì í ní ìdì mẹ́ta kó má bàa ronú àtilọ. O ní kí n pa á, kí n sinmi díẹ̀, kí n tún tàn án. Mo pa á, mo sùn dáadáa, mo jí, mo tàn án. Ó kàn ń kùn ni. Ìyá rẹ ní bóyá ọkọ òun ni kí wọ́n pa kí wọ́n tún tàn.

O wá kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni tó tú inú rẹ̀, kí n wá bọ́tìnì roboto kan lábẹ́ ojú rẹ̀, tí wọ́n ya oòrùn kékeré sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àsíátù, mo mọ bọ́tìnì yẹn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn, mo rí i tí ojú náà ń tàn láìsí ẹni tó ń wò ó, mo bá yí bọ́tìnì náà wálẹ̀ bí a ṣe ń yí òwú àtùpà wálẹ̀, kí epo rẹ̀ má bàa tán. Mi ò mọ̀ pé kì í mu epo. Bí mo ṣe yí i sókè báyìí, lẹ́tà tò síbẹ̀ kedere.

Mo lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n wọn á ní Pélagie ló bà á jẹ́ tó tún lọ tún un ṣe níkọ̀kọ̀. Lánàá Ọjọ́bọ̀ mo dìde níwájú ìpàdé, mo ní, “Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Èmi ni mo pa ojú ẹ̀rọ dé, mo fẹ́ ṣọ́ epo ìjọba.” Rogatien bi mí pé, “Bàbá, epo náà ti tó ìgò mélòó?” Ilé wó fún ẹ̀rín. Pélagie ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Òun ló ń ti ilẹ̀kùn báyìí, èmi kàn ń jókòó síta.

Jọ̀wọ́, fi owó awò ojú ránṣẹ́ sí mi, nítorí oòrùn kékeré yẹn, mi ò rí i rárá títí ìwé rẹ fi dé. Bí díẹ̀ bá ṣẹ́kù, ti òróró tí ìyá rẹ fi ń pa ẹsẹ̀ ni.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọmọ tí yóò tọ́ ọ sọ́nà bí o ṣe tọ́ mi, tí kò sì ní fi ọ́ rẹ́rìn-ín bí o ṣe ń fi mí rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ yìí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àbúdùlàhí