Igi Afárá Tí Awó Ń Wọ̀ Sí

Ọjọ́bọ̀, ìparí oṣù Kẹwàá

Mo jí lọ wo àwọn awó mi láàárọ̀ yìí, kí ọyẹ́ tó dé, kí ìgbà ọdẹ tó bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń wọ̀ sórí igi afárá kan nínú oko kòkó Bọ̀dá Akin, ẹ̀gbọ́n mi.

Kùkùté ni mo bá. Ìyẹ́ awó díẹ̀ wà nínú lẹ́búlẹ́bú pákó. Mo súfèé bíi tiwọn títí ètè mi fi gbẹ. Ọ̀kan ò dáhùn.

Mo gba ilé Bọ̀dá lọ ní Odode. Wọ́n ní àwọn agégẹdú ló wá bẹ àwọn, làwọn bá yọ̀ǹda igi náà fún wọn.

"Ṣé awó ń sùn síbẹ̀ ni? O ò sọ fún mi rí! Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀."

Bàbá wa ló kọ́ mi pé ọdẹ kì í fi ibi tí ẹyẹ ń sùn han ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọmọ ìyá rẹ̀.

Mo ti nu ìbọn. Mi ò mọ ohun tí mo nù ún fún.

Gbogbo ayé ni mo fi igi yẹn pa mọ́ fún, títí kan ẹnì kan ṣoṣo tó lè dá a sí.